Ta ló rán ẹrù yìí? Ohun tó wà nídìí orúkọ tí à ń kọ sórí wébíìlì

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan ló dá ìjà sílẹ̀ ní gáréèjì kan níbí ní Ilésà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Èkó ni epo náà ń lọ. Ọkọ̀ ò tíì kọjá Ifẹ̀ tí ìdérí kẹ́ẹ̀gì fi tú, tí epo sì dà sórí àpò léèsì tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́. Kí dírẹ́bà tó gbé ẹrù náà padà wá, ẹni tó ni aṣọ ti ń dúró dè é. Ìyá elépo ní òun ti ta epo, pé ẹni tó wà l'Ékòó ti sanwó, nítorí náà epo kì í ṣe tòun mọ́. Oníbàárà Èkó sọ lórí fóònù pé òun ò tíì fojú kan epo kankan. Dírẹ́bà ní òun kọ́ lòun dé kẹ́ẹ̀gì. Ọmọbìnrin tó gbé e wá sí gáréèjì, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wébíìlì, ìyẹn ìwé tí à ń kọ fún ẹrù, bú sẹ́kún pé wọ́n kàn rán òun níṣẹ́ ni.

"Ta ló ni epo?" ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí mo ń wọ̀n ọ́n, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú gan-an nìyẹn. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló rán an, àti pé kí ni ẹni náà tọrùn bọ̀ nígbà tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni ẹni tó rán ẹrù?

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn èèyàn inú ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Ẹni tó rán ẹrù ni ẹni tó bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn pé kó bá òun gbé ẹrù láti ibí lọ sí ọ̀hún, tàbí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe àdéhùn náà. Ọlọ́kọ̀ ni ẹni tó gbà láti gbé e, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ òkun tàbí ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí ẹrù ń lọ bá ni wọ́n máa kó o fún lọ́hùn-ún. Ẹni tó wá ni ẹrù gan-an lè jẹ́ ẹni tó rán an, ó lè jẹ́ ẹni tó ń lọ bá, ó sì lè máà jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe dandan kí ẹni tó rán ẹrù jẹ́ ẹni tó ni ín. Kì í tún ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó san owó ọkọ̀. Oníbàárà lè san owó ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ilésà ṣì jẹ́ ẹni tó rán an.

Àwọn baba wa mọ èyí kí wébíìlì tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi àrokò ránṣẹ́ ló ń dì í fúnra rẹ̀. Ikọ̀ tó ń gbé e lọ kò gbọdọ̀ tú u, ó sì lè máà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹfà, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó dì í bá ṣèèṣì fi márùn-ún síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì bẹ́yìn yọ, ikọ̀ kọ́ la máa bi. Ẹni tó di nǹkan nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí náà ni òfin ìfẹrùránṣẹ́ lágbàáyé dúró lé.

Kí ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí?

Ní gáréèjì, wébíìlì lè máà ju bébà pélébé kan lọ: orúkọ, nọ́ńbà fóònù méjì, iye owó. Síbẹ̀ iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Risíìtì ni, ó fi hàn pé ọlọ́kọ̀ ti gba ẹrù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rí àdéhùn sì ni pẹ̀lú, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ jọ fẹnu kò sí.

Ti ọkọ̀ òfurufú ń jẹ́ air waybill, ti ọkọ̀ òkun ń jẹ́ bill of lading. Ibi tí wọ́n bá ti kọ shipper tàbí consignor nínú wọn, ẹni tó rán ẹrù ni. Consignee ni ẹni tí ẹrù ń lọ bá. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ìwé méjèèjì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Bill of lading dà bí kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a kó ẹrù sí: wọ́n sábà máa ń ṣe ojúlówó rẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá mú ojúlówó kan lọ sí èbúté lọ́nà tó tọ́ ni wọ́n máa kó ẹrù fún. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò kì í fi jù ú sílẹ̀ kó tó gbowó. Air waybill kò ní agbára yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbi consignee ni wọ́n máa fún lẹ́rù, kódà bí ìwé bá wà nínú àpótí yín nílé.

Kí ló wà lọ́rùn ẹni tó rán ẹrù?

Òtítọ́ ló ṣáájú, òun ló sì wúwo jù. Ọlọ́kọ̀ kì í tú páálí wò. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni yóò fi mọ ibi tí yóò gbé e sí, ohun tí kò gbọdọ̀ kó tì í, àti bóyá kó tiẹ̀ gbé e rárá.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1996, ọkọ̀ òfurufú ValuJet 592 gbéra ní Miami, ní Amẹ́ríkà. Lára ẹrù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn agolo tó ń pèsè oxygen fún èrò ọkọ̀ nígbà pàjáwìrì. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé òfìfo ni àwọn agolo náà. Wọn kì í ṣe òfìfo. Wọn ò sì fi ìdérí ààbò bo ibi tó lè tanná lára wọn. Iná sọ lábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì já sínú irà Everglades ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó gbéra. Gbogbo èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé "ẹ ṣáà kọ nǹkan kan síbẹ̀," àwọn èèyàn yẹn ni mo máa ń rántí.

Nǹkan tó léwu ò sì jìnnà sí wa. Lọ́fínńdà ń gbiná. Gáàsì inú agolo oògùn ẹ̀fọn ń bú. Páwà báńkì, bátìrì lithium ló wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ pé kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ dá lọ bí ẹrù lábẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń kó èrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń gba ẹrù, òun ló máa sọ bóyá ó ṣeé gbé.

Lẹ́yìn òtítọ́, dídì. Ẹni tó rán ẹrù ló gbọ́dọ̀ dì í débi tí yóò fi lè rin ìrìn tí à ń rán an. Ẹ wo bí àwọn ìyá tó mọṣẹ́ ṣe ń dé epo ní ọjà Atákúnmọ́sà. Wọn kì í rọ epo kún dé ẹnu. Wọ́n á fi bí ìbú ìka mẹ́rin sílẹ̀, torí epo ń wú nínú oòrùn. Wọ́n á nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì gbẹ, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá méjì léra wọn lórí rẹ̀, wọ́n á lọ ìdérí lé e títí ọ̀rá á fi le bí awọ ìlù, wọ́n á wá fi rọ́bà so ọrùn rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú kẹ́ẹ̀gì délẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò pa etí ìdérí yíká. Bí àtàǹpàkò bá pọ́n, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un dé. Kẹ́ẹ̀gì tó dá ìjà sílẹ̀ kò ní ọ̀rá lẹ́nu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni obì. Gbànja tí wọ́n bó ẹ̀wù rẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ tó kí wọ́n tó tẹ́ ewé sí agbọ̀n, á ti máa jẹrà kó tó dé Kánò, bí dírẹ́bà tilẹ̀ rọra wà á bí ẹni gbé ẹyin. Òfin mọ ìyàtọ̀ yìí. Àbùkù tó bá ti inú ẹrù fúnra rẹ̀ wá, tàbí tó wá láti inú dídì tí kò dára, kì í wà lọ́rùn ọlọ́kọ̀.

Àdírẹ́sì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sára ẹrù gan-an, kì í ṣe sórí ìwé nìkan, torí ìwé àti ẹrù máa ń pínyà.

Ṣé ó yẹ kí ìwọ̀n kàn mí?

Ó kàn yín. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá pè, ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí sí i. Lábẹ́ àdéhùn Hamburg tí Nàìjíríà sọ di òfin lọ́dún 2005 fún ẹrù ojú òkun, ẹni tó rán ẹrù ló ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọlọ́kọ̀ pé irú ẹrù, iye rẹ̀, àmì ara rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ rí bí òun ṣe sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jóòótọ́, tí ọlọ́kọ̀ sì ti ipa bẹ́ẹ̀ pàdánù, ẹni tó rán an ni yóò san án.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn la mọ̀ lágbègbè yìí. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ká ní ẹnìkan di àpò 200 sínú kọ̀ǹtéńà, tí àpò kọ̀ọ̀kan sì fi kílò mẹ́ta lé sí ohun tó kọ: kílò 600 ló ti gùn ún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ wá wo ọkọ̀ tó gbé irú kọ̀ǹtéńà bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ìjì mú kí ara ọkọ̀ MSC Napoli là lójú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gúnlẹ̀ sí etíkun Devon. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí wọn kọ̀ǹtéńà 660 tó wà lókè ọkọ̀, 137 nínú wọn ni ìwọ̀n wọn fi ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ba ọkọ̀ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣí àwọn èèyàn lójú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2016, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó rán ẹrù wọn kọ̀ǹtéńà tó ti di ẹrù sí, tàbí kó wọn ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ kó sì ro ó mọ́ ìwọ̀n kọ̀ǹtéńà lófìfo. Láìsí ìwé ìwọ̀n yẹn, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀.

Páálí kékeré tó ń bá ọkọ̀ òfurufú lọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bínú sí mi pé ẹrù kílò mẹ́fà ni mo ka owó kílò 16 lé lórí. Kì í ṣe jìbìtì. Àpò búrẹ́dì fúyẹ́ ju àpò gàrí lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ìjókòó méjì nínú bọ́ọ̀sì. Ààyè náà ni ọkọ̀ òfurufú ń tà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kóríà ń wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á sì pín in sí 5000. Páálí tó jẹ́ 50 lọ́nà 40 lọ́nà 40 á fún wa ní 80,000. Tẹ́ ẹ bá pín in, 16 ló kù. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìyẹn àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni ẹ máa san. Ẹ wá páálí tó ṣe wẹ́kú ẹrù yín.

Lójú ọ̀nà, ti ta ni ẹrù?

Ibí yìí ni ìyá elépo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti jàre. Nínú òfin káràkátà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n kọ lọ́dún 1893, bí oníbàárà bá ti ní kẹ́ ẹ fi ẹrù ránṣẹ́, fífà tẹ́ ẹ bá fà á lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ dà bí ẹni pé ẹ ti fún oníbàárà, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti ṣàdéhùn mìíràn. Nítorí náà epo lè ti di ti obìnrin Èkó. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ìdérí tí kò le di tirẹ̀. Nínú oníṣòwò mẹ́wàá, kò dá mi lójú pé mẹ́ta mọ ìyàtọ̀ yìí: kí ẹrù kúrò lọ́wọ́ èèyàn kò ní kó bọ́ nínú ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó rán an.

Ìdí rèé tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín kí ẹrù tó gbéra pé, "Iye tẹ́ ẹ pè yìí, ṣé dé Èkó ni àbí láti ọwọ́ yín?" Àwọn tó ń ṣòwò lágbàáyé ní ọ̀rọ̀ kúkúrú 11 tí wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀. Incoterms ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1936 ló ti wà, èyí tí wọ́n sì ń lò báyìí jẹ́ ti 2020. Tí wọ́n bá kọ EXW, ẹnu ọ̀nà yín ni oníbàárà ti máa wá gbé e. Bó bá jẹ́ DDP, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó aṣọ́bodè pẹ̀lú. Àwọn yòókù wà láàárín méjèèjì.

Tó bá ń lọ sí òkè òkun ńkọ́?

Ìwé á pọ̀ sí i, ẹni tó rán an ló sì ń wá a. Ẹni tó bá fẹ́ máa tajà sí òkè òkun gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sí òkè òkun, kó ṣe fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà tó ń jáde nípasẹ̀ báńkì, kó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ NAQS bó bá jẹ́ irè oko, pé kò sí kòkòrò tàbí àrùn lára rẹ̀.

Ẹ̀wà wa ni kẹ́ ẹ wò. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n ti rí oògùn apakòkòrò dichlorvos lára rẹ̀, láti ìwọ̀n 0.03 títí dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.01 ni wọ́n gbà láàyè. Ọlọ́kọ̀ kọ́ ló da oògùn sí ẹ̀wà. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ni, òun ló sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àgbẹ̀ tí kò lo oògùn náà rárá pàdánù ọjà yẹn pẹ̀lú àwọn tó lò ó, wọ́n sì tún fi kún àkókò tí òfin ọ̀hún máa fi wà lẹ́yìn ìgbà náà.

Ṣé ẹni tó rán ẹrù ní ẹ̀tọ́ kankan?

Ó ní in, àwa Ìjẹ̀ṣà ló sì yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Àwa náà la ń jẹ́ òṣómàáló. Àwọn baba wa gbé aṣọ dé oríṣiríṣi ìlú, wọ́n tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni n ó ló títí n ó fi gbowó mi. Ẹrù tó ti wọlé onígbèsè ló ń gba òṣó. Èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ lè dá a dúró. Òfin 1893 yẹn kan náà gbà pé olùtajà tí kò tíì gbowó rẹ̀ pé, tó wá rí i pé oníbàárà ti wọ gbèsè tí kò lè san mọ́, lè sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó má kó ẹrù fún un.

Ti ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 fún ẹni tó rán ẹrù láṣẹ láti ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n dá a dúró, tàbí kí wọ́n fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó ń lọ bá tó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ẹ máa mú ẹ̀dà ìwé tiyín dání, ẹ ó sì san ìnáwó tó bá tìdí rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ti ju ẹ̀dà rẹ̀ nù ti ju àṣẹ náà nù.

Bó bá sọnù ńkọ́?

Ọlọ́kọ̀ ló máa dáhùn fún ohun tó sọnù tàbí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ òdiwọ̀n wà. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, láti òpin ọdún 2024, iye tó ga jù tí wọ́n ń san lórí kílò kan jẹ́ SDR 26, ìyẹn owó ìṣirò IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, tó tó nǹkan bíi dọ́là 35. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kílò méjì tẹ́ ẹ rà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lè mú dọ́là 70 padà wá. Ẹni tó rán ẹrù nìkan ló lè yí èyí padà: kó sọ iye tí ẹrù náà jẹ́ gan-an kó tó gbéra, kó san owó tí wọ́n bá bù lé e, tàbí kó ṣe inṣọ́ránsì. Àwọn tó ń kọ iye kékeré nítorí kí owó aṣọ́bodè má pọ̀ ń gé owó tí wọ́n máa san fún wọn bí ẹrù bá sọnù kù, irọ́ sì ni pẹ̀lú.

Kí ẹni tó gba ẹrù má sì sùn. Bó bá bàjẹ́, láàárín ọjọ́ 14 ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ ní kíkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yín sí i"

Mo fẹ́ sọ èyí tọkàntọkàn. Ẹ má ṣe fi orúkọ yín rán ẹrù tẹ́ ẹ ò rí inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìjọ yín tàbí ti ará ilé. Bí NDLEA bá rí oògùn olóró nínú páálí, orúkọ tó wà níbi ẹni tó rán an ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ẹ lè padà já ara yín gbà, ṣùgbọ́n ẹ ó ti sun àtìmọ́lé. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó tú u níṣojú yín, kẹ́ ẹ jọ dì í, kí wọ́n sì kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti epo, àwọn àgbà gáréèjì ló parí ìjà náà. Ìyá elépo san èyí tó pọ̀ jù nínú owó léèsì, torí ìdérí. Dírẹ́bà san ìyókù, torí ẹni tó gbé epo lé orí aṣọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí a ṣe ń to ẹrù sínú ọkọ̀, iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ni. Ọmọbìnrin náà ò san nǹkan kan. Òun náà ló ṣì ń gbé epo wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá elépo ló ń kọ sílẹ̀ báyìí, kó tó sì fà á lé mi lọ́wọ́, á dojú kẹ́ẹ̀gì délẹ̀, á fi àtàǹpàkò pa etí ìdérí, á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí n wò ó.